Òdòdó Alẹ́: Pèrègún, Tannáposó àti Òórùn Dídùn Nínú Ọgbà Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò tóbi lójú, ṣùgbọ́n ó kan olúkúlùkù ẹni tí ó ní àgbàlá. Ó jẹ mọ́ àwọn òdòdó tí kì í ta sánsán ní ọ̀sán, àfi bí ilẹ̀ bá ṣú.

N ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe ara mi. Ọgbà pèrègún kan wà lẹ́yìn ilé mi. Ewé rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ ọ́n fún, mo sì ti bá bíríkìlà ṣe àdéhùn pé kí ó hú u kúrò, kí ó mọ ògiri búlọ́ọ̀kù sí ipò rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí iná, mo jókòó síta, òórùn dídùn kan sì gba gbogbo àgbàlá. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ni ó da lọ́fíńdà sílẹ̀. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo tẹ̀ lé òórùn náà, ó sì mú mi dé ìdí pèrègún. Òdòdó funfun wẹ́wẹ́ ti là ní ìdì-ìdì lórí ẹ̀ka gígùn, àfòpiná sì ń rá bàbà yí wọn ká. Nígbà tí bíríkìlà dé ní òwúrọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa lọ.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí òdòdó kan fi ń dúró de alẹ́? Òdòdó kì í ta sánsán nítorí ènìyàn. Kòkòrò ni ó ń pè, kí ó lè gbé lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ dé ara òdòdó mìíràn, kí èso lè wà. Ní ọ̀sán, àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ òféèfé tó láti pe oyin àti labalábá. Ní òru, àwọ̀ kò wúlò púpọ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ òdòdó alẹ́ ṣe funfun, tí wọ́n sì gbójú lé òórùn. Àfòpiná ni àlejò wọn pàtàkì, ẹnu rẹ̀ sì gùn láti fa oje ìsàlẹ̀ òdòdó. Ní 1862, Charles Darwin kọ̀wé nípa òdòdó kan láti Madagascar tí ihò oje rẹ̀ gùn tó nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Ó ní àfòpiná tí ẹnu rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ ní láti wà. Darwin kú ní 1882. Ní 1903 ni àwọn onímọ̀ kọ àkọsílẹ̀ irú àfòpiná bẹ́ẹ̀ láti erékùṣù náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo tannáposó. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà olóoru ni ó ti wá, Linnaeus sì fún un ní orúkọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 1753. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ó ń là, á sì pa dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn Òyìnbó fi aago mẹ́rin sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn baba wa ní tiwọn pè é ní tannáposó, tannápakú, tannápowó. Bí igi bá tanná, ó yọ òdòdó ni. Bí ènìyàn bá tan iná, fìtílà ni ó tàn. Lójú tèmi, orúkọ náà gba ìtumọ̀ méjèèjì: òdòdó tí ń là nígbà tí a ń tan fìtílà. Ìmọ̀ nìyẹn, a fi orúkọ tọ́jú rẹ̀. Pierre Verger, tí ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, kò gbàgbé rẹ̀ nínú ìwé ńlá tí ó kọ nípa ewé, tí ó jáde ní 1995.

Bí a bá fẹ́ gbìn wọ́n, iṣẹ́ náà kò le. Ẹ gé pèrègún ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Kò kọ ibòji. Tannáposó, èso dúdú rẹ̀ ni a ń gbìn. Gbòǹgbò rẹ̀ tí ó ta bí iṣu yóò sì tún hù bí òjò bá padà. Èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Queen of the Night, ẹ̀ka rẹ̀ ni a ń gé gbìn, sí ibi tí oòrùn wà. Ẹ má gbìn ín sẹ́bàá fèrèsé yàrá, nítorí òórùn rẹ̀ lè fọ́ ẹlòmíràn lórí. Èso rẹ̀ àti ti tannáposó ní májèlé nínú; ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi wọ́n ṣeré. Ní ìgbà òjò, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wá bá wa ní Ifẹ̀; ìhà ibẹ̀ ni kí ẹ gbìn wọ́n sí, kí afẹ́fẹ́ lè gbé òórùn náà wá síbi ìjókòó. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé òórùn yìí ń pe ejò. Ọ̀pọ̀lọ́, eku àti igbó tí a kò ro ni ejò ń wá. Ẹ máa ro ìdí igi yín.

Ohun tí ó ń dùn mí nìyí. Nínú ìwádìí kan ní Switzerland, tí ó jáde ní 2017, wọ́n tan iná mànàmáná sí pápá tí ó ṣókùnkùn tẹ́lẹ̀. Ìbẹ̀wò kòkòrò alẹ́ sí òdòdó fi 62 nínú 100 dín. Òmíràn jáde ní 2024 láti ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà: ohun olóró kan tí ó ń tinú èéfín ọkọ̀ àti irú rẹ̀ wá ń ba òórùn òdòdó jẹ́ ní òru, ìbẹ̀wò àfòpiná ńlá sì dín ní nǹkan bí 70 nínú 100. Ẹ̀rọ amúnáwá ẹ̀yìn ilé wa ń tú irú èéfín bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní àfòpiná tí ó ní òun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Lónìí, fìtílà wa ti pọ̀ ju agbára àfòpiná lọ.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, bí iná ìta kò bá ní iṣẹ́ kan tí ó ń ṣe, ẹ pa á. Kí a tó da sìmẹ́ńtì bo àgbàlá, kí a fi ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ sílẹ̀ fún ilẹ̀. Pèrègún tí a fi ń pààlà, tí ó ń dúró lójúbọ, kò béèrè ju èyí lọ. Ẹni tí ó bá hú u kò hú ewé nìkan. Ó hú alẹ́ ilé rẹ̀ pẹ̀lú.