Orúkọ Tiransísítọ̀ àti Ìhun Rẹ̀: Àkíyèsí láti inú Àtúnṣe Áńpù Gìtá Àtijọ́

1. Ìfáàrà

Ó lè ya àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè lẹ́nu pé a gbé ọ̀rọ̀ áńpù gìtá wá sí àwùjọ yìí. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún áńpù oní-tiransísítọ̀ tí a ṣe ní ogójì tàbí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ṣe, kíkà ni iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Yóò ka orúkọ tí a tẹ̀ sí ara ẹ̀yà tí ó jó, yóò sì wá òmíràn tí ó lè gba ipò rẹ̀. Bí ó bá ṣì í kà, owó ni yóò fi gbà á. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣàlàyé bí a ti ṣẹ̀dá àwọn orúkọ wọ̀nyí, bí a ti ń fi wọ́n wá ìpààrọ̀, àti ibi tí wọ́n ti ń ṣi ènìyàn lọ́nà.

2. Áńpù náà àti àìsàn rẹ̀

Ní ọdún 1947 ni wọ́n ṣe tiransísítọ̀ àkọ́kọ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Ní 1966 ni iléeṣẹ́ Fender gbé áńpù oní-tiransísítọ̀ tirẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n àwọn onígìtá kò fẹ́ràn ohùn rẹ̀. Roland JC-120 ti ilẹ̀ Jàpáànù, tí ó jáde ní 1975, ni ó rí ojúrere wọn jù, wọ́n sì ń lò ó títí di òní. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, àwọn ẹgbẹ́ jùjú, háíláìfù àti áfúróbíìtì ti àwọn ọdún 1970 lo gìtá oníná, èyí tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí áńpù; tòkunbọ̀ sì ń wọlé lẹ́yìn wọn.

Àìsàn tí ó ń ṣe áńpù wọ̀nyí kò pọ̀. Omi inú kapásítọ̀ ńláńlá a máa gbẹ, áńpù a sì máa kùn bí oyin. Ibi tí a fi lẹ́ẹ̀dì jó a máa sán. (Ọ̀rọ̀ náà, lẹ́ẹ̀dì, tó àyẹ̀wò fúnra rẹ̀: láti ọdún 2006 tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti de òjé, púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní lẹ́ẹ̀dì ni kò ní òjé nínú mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ kò yí padà.) Áńpù tí a ṣe fún iná fóltì 120 ti Amẹ́ríkà tí ẹnìkan sì kì bọ iná fóltì 230 tiwa kò nílò àlàyé. Èyí tí ó léwu jù ni kí tiransísítọ̀ tí ń ti sípíkà jó, kí iná inú rẹ̀ sì gba tààrà kọjá. Sípíkà yóò jó tẹ̀ lé e.

3. Ìhun orúkọ

Ètò ìsọlórúkọ mẹ́ta ni a sábà máa ń bá pàdé. Ti Amẹ́ríkà ni ó rọrùn jù, òun náà ni ó sì ń fúnni ní ìmọ̀ tí ó kéré jù. 2N ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀; 2 ń tọ́ka sí iye ojú-ìpàdé tí ó wà nínú ẹ̀yà náà, èyí tí ó yà á sọ́tọ̀ fún dáyóòdù tí ó ń jẹ́ 1N. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ìforúkọsílẹ̀ lásán. Kò sí ohun kan nínú 3055 tí ó sọ fún wa pé 2N3055 lè gba áńpíà 15, fóltì 60 àti wáàtì 115. Ẹni tí ó bá ń wá àpẹẹrẹ àmì tí kò bá ohun tí ó dúró fún tan, kí ó máa bọ̀ níbí.

Ti Yúróòpù ní mọ́fíìmù gidi. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí a fi ṣe é: A fún jẹ́máníọ́ọ̀mù, B fún sílíkọ́ọ̀nù. Lẹ́tà kejì ń sọ iṣẹ́ rẹ̀: C fún iṣẹ́ ohùn tí agbára rẹ̀ kéré, D fún èyí tí agbára rẹ̀ pọ̀. Nítorí náà, kí a tó ṣí ìwé kankan ni a ti mọ̀ pé jẹ́máníọ́ọ̀mù kékeré ni AC128, sílíkọ́ọ̀nù alágbára sì ni BD139.

Ti Jàpáànù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2S, lẹ́tà kan sì tẹ̀ lé e. A àti B jẹ́ ti ẹ̀yà PNP, C àti D jẹ́ ti NPN. Ṣùgbọ́n ààyè kò pọ̀ lára tiransísítọ̀ kékeré, wọ́n a sì máa pa 2S jẹ. C1815 ni ojú rí. 2SC1815 ni a ó wá nínú ìwé. Ìpajẹ yìí ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tí ètò Yúróòpù ti mọ́ lára, bí ó bá rí A1015, lè rò pé A yẹn dúró fún jẹ́máníọ́ọ̀mù. Sílíkọ́ọ̀nù ni, 2SA1015 ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Lẹ́tà kan náà ni, mọ́fíìmù ọ̀tọ̀ sì ni.

Yàtọ̀ sí èyí, àwọn iléeṣẹ́ kan a máa tẹ nọ́ńbà ilé tiwọn sí i, èyí tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni àfi tiwọn. Ẹ̀nà gbáà ni. Kódà, nọ́ńbà mẹ́rin bíi 7423 lè má jẹ́ orúkọ rárá. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 1974 tí wọ́n ṣe é. Mo ti rí ẹni tí ó fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ wá ẹ̀yà kiri odindi ọjọ́ kan.

4. Ètò ẹsẹ̀

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni tiransísítọ̀ ní: ẹmítà, bésì àti kọlẹ́kítọ̀. Bí a bá kọjú ibi pẹlẹbẹ rẹ̀ sí ara wa, tí ẹsẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, 2N3904 ti Amẹ́ríkà yóò tò wọ́n láti òsì sí ọ̀tún bí ẹmítà, bésì, kọlẹ́kítọ̀. BC547 ti Yúróòpù yóò tò wọ́n bí kọlẹ́kítọ̀, bésì, ẹmítà. 2SC1815 ti Jàpáànù yóò wí pé ẹmítà, kọlẹ́kítọ̀, bésì. Ohun mẹ́ta kan náà ni, ètò ni ó yàtọ̀, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe ṣáájú àbọ̀ tí èdè Ìjọ sì ń fi àbọ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Nínú áńpù tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀kan lè rọ́pò èkejì dáadáa, bí atúnṣe bá ti lè lọ́ ẹsẹ̀ wọn bọ ihò tí ó yẹ. Àwọn tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé ẹ̀yà tuntun náà "kò dára".

5. Ìbáradọ́gba àti ayédèrú

Ìpààrọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ìbejì. Ohun tí ó pọn dandan ni pé kí ẹ̀yà (PNP tàbí NPN) bára mu, kí fóltì, áńpíà àti wáàtì tuntun má sì kéré sí ti àtijọ́. 2N3773 (fóltì 140, áńpíà 16, wáàtì 150) lè gba ipò 2N3055 nínú áńpù púpọ̀. Òdìkejì rẹ̀ kò ṣeé ṣe bí iná inú áńpù bá ga. Ìtumọ̀ orúkọ náà sì ń yí pẹ̀lú ọjọ́: 2N3055 tí wọ́n ń ṣe lónìí yára ju ti àwọn ọdún 1960 lọ, nínú áńpù àtijọ́ kan ó sì lè máa súfèé ní ìró tí etí ènìyàn kò gbọ́, kí ó sì máa gbóná láìnídìí.

Mo ní áńpù wáàtì 50 kan tí mo rà nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun. Nígbà tí ó jó nílé, mo ra 2N3055 méjì ní ọjà. Orúkọ ara wọn mọ́lẹ̀ kedere, ó dára ju ti àtijọ́ lọ pàápàá. Kò tó wákàtí kan tí mo fi wọ́n sí i tí wọ́n fi jó, sípíkà sì bá a lọ. Mo fi ayùn gé orí irin ọ̀kan àti ti àtijọ́. Sílíkọ́ọ̀nù inú ti àtijọ́ tóbi tó èékánná ìka kékeré; ti tuntun kò ju hóró ìrẹsì lọ. Láti ìgbà náà, èmi a máa fi ọwọ́ wọn ìwúwo wọn, n ó sì yọ ẹ̀yà láti inú ẹ̀rọ kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tí mo mọ ibi tí ó ti wá, ju kí n ra tuntun tí n kò mọ orírun rẹ̀.

6. Ìdánwò

Kí a tó so áńpù mọ́ iná lẹ́yìn àtúnṣe, kí a gba iná náà kọjá inú gílóòbù wáàtì 60 tàbí 100, irú èyí tí ó ní okùn-iná nínú. Bí gílóòbù bá tàn yòò tí ó sì rọlẹ̀, kò séwu. Bí ó bá ń tàn gidigidi síbẹ̀, ibìkan ṣì wà tí iná ti ń gba tààrà. Lẹ́yìn náà, kí a fi mítà wo fóltì tààrà ní ibi ìso sípíkà kí a tó so sípíkà rárá: ó yẹ kí ó súnmọ́ òdo. Gílóòbù LED tí ó gbòde báyìí kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí náà ẹni tí ó bá ṣì ní ti àtijọ́ nílé, kí ó fi í pamọ́ sí ibi kan náà pẹ̀lú tiransísítọ̀ rẹ̀.