Kánsù Mẹ́ta Nínú Ìlú Kan: Ìjọba Ìbílẹ̀ Ní Bìní

Ẹni tó bá ń gbé Bìní tó sì fẹ́ mọ kánsù tó ni òun, kó kọ́kọ́ wo ibi tí ilé rẹ̀ wà. Kánsù mẹ́ta ló pín ìlú náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Oredo ló ni àárín ìlú, níbi tí ààfin Ọba àti Ọjà Ọba wà. Egor ní sẹkitéríàtì rẹ̀ ní Uselu, àdúgbò tí Edaiken, àrẹ̀mọ Ọba, máa ń gbé kó tó gorí ìtẹ́. Ẹni tó bá sì sọdá odò Ikpoba ti bọ́ sí Ikpoba-Okha, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Idogbo. Wọ́ọ̀dù 12 ni Oredo ní, àwọn méjì yòókù ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Kánsù 18 ló wà ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Edo, wọ́ọ̀dù wọn sì jẹ́ 192.

Ètò yìí kì í ṣe ti àtijọ́. Nígbà tí Bìní ṣì wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, Ìbàdàn ni òfin kánsù rẹ̀ ti ń wá. Òfin 1952 ló gbé kánsù ẹ̀ka, ti àgbègbè àti ti ìbílẹ̀ kalẹ̀ ní ẹkùn náà. Ní 9 Oṣù Kẹjọ 1963 ni Midwest, tí Bìní wà nínú rẹ̀, ya kúrò lára rẹ̀. Ìjọba ológun wá tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní 1976, tó fi jẹ́ pé irú kánsù kan náà ló wà láti Ṣókótó dé Bìní. Edo fúnra rẹ̀ kò dé títí di 27 Oṣù Kẹjọ 1991, nígbà tí wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Bendel, tí í ṣe Midwest àtijọ́, sí méjì.

Iṣẹ́ kánsù wà ní Àfikún Kẹrin ìwé òfin 1999, ó sì dùn ún kà. Itẹ́ òkú wà níbẹ̀, ilé ìpẹran wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà, gáréèjì, kíkó pàǹtí, orúkọ òpópónà àti owó orí ilé. Ìwé àṣẹ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n náà wà níbẹ̀. Àwọn tó kọ òfin náà ò gbàgbé kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi, ọmọlanke, títí dé báárò. Wọ́n kọ ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ìbí, ọ̀dọ̀ àjọ ìkànìyàn NPC ni yóò lọ.

Alága ni olórí kánsù, wọ́n sì jọ dìbò yan òun àti igbákejì rẹ̀ ni. Ó máa ń yan káńsẹ́lọ̀ alábòójútó tí yóò máa mójú tó ẹ̀ka iṣẹ́, bí gómìnà ṣe ń yan kọmíṣọ́nnà. Àwọn káńsẹ́lọ̀ tí wọ́ọ̀dù dìbò yàn ló jẹ́ aṣòfin: wọ́n á yan olórí láàárín ara wọn, wọ́n á ṣe òfin kékeré, wọ́n á fọwọ́ sí ìṣúná owó, wọ́n sì lè yọ alága. Àwọn òṣìṣẹ́ kò bá alága wá, wọn kì í sì í bá a lọ. Àjọ Òṣìṣẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ ló ń gbà wọ́n.

Owó ló le. Owó tó ń ti Àbújá wá máa ń kọ́kọ́ bọ́ sínú àpò àjọni tí kánsù àti ìpínlẹ̀ ní pọ̀, abala 162 ìwé òfin náà ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì yọ owó oṣù àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó kan ọ̀nà tàbí gọ́tà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a ní 11 Oṣù Keje 2024 pé kí wọ́n máa san owó kánsù fún kánsù tààrà, pé gómìnà kò sì gbọ́dọ̀ fi ìgbìmọ̀ fìdíhẹ rọ́pò àwọn tí a dìbò yàn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo èyí ni odionwere wà, àgbà tó dàgbà jù ní abúlé, àti enogie tí Ọba fi joyè. Òfin kò fún wọn ní sẹkitéríàtì, ṣùgbọ́n àwọn ni ará abúlé máa ń kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tí wọ́n ń pè ní CDA ti fẹ́ gba ipò wọn. Ìdààmú tí àwọn CDA ń kó bá onílé pọ̀ débi pé Ọba Ewuare Kejì tú wọn ká ní 2017, tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì ṣe òfin lọ́dún náà láti dáàbò bo dúkìá aládàáni.

Ní ti ìdìbò kánsù, EDSIEC, àjọ ìdìbò ìpínlẹ̀ náà, ló ń ṣe é. Ní 3 Oṣù Kẹta 2018, ẹgbẹ́ òṣèlú APC kó gbogbo ipò alága 18. Ní 2 Oṣù Kẹsàn-án 2023, PDP kó gbogbo 18. Gómìnà kan náà, Godwin Obaseki, ló wà lórí àga nígbà méjèèjì. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló yí padà. Monday Okpebholo ti APC gba ipò ní 12 Oṣù Kọkànlá 2024. Lẹ́yìn oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀, ní 17 Oṣù Kejìlá, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ dá gbogbo alága náà àti igbákejì wọn dúró fún oṣù méjì, wọ́n ní wọ́n kọ̀ láti fi ìwé owó hàn. Mínísítà ìdájọ́ sọ pé Ilé náà kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, Ilé náà ti ní kí olórí àwọn káńsẹ́lọ̀ ní kánsù kọ̀ọ̀kan jókòó sí àga alága.