Ìlànà léènì ní òpópónà ilẹ̀ Yorùbá

Ìlànà léènì ni òfin àti àṣà tí ó ní kí awakọ̀ dúró sí ojú ìlà kan lójú òpópónà tí ọkọ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sí ìhà kan náà, kí ó má sì kúrò níbẹ̀ láìnídìí tàbí láìfi àmì han ẹni tí ó wà lẹ́yìn. Ní Nàìjíríà, apá ọ̀tún ni ọkọ̀ ń tọ̀. Nítorí náà léènì ọ̀tún ni ti ọkọ̀ tí kò yára, léènì òsì sì wà fún ẹni tí ó fẹ́ ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀, tí yóò padà sí ọ̀tún bí ó bá ti kọjá tán. Àìka ìlànà yìí sí wà lára ohun tí ó máa ń bí àwọn arìnrìn-àjò nínú ní òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn àti ní àwọn òpópónà ńlá inú ìlú.

Láti Ìwó dé Ìwó Róòdù

Ìrìn-àjò láti ìlú Ìwó, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, sí Èkó fi ibi tí ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀ hàn kedere. Ọ̀nà tí ó ti Ìwó gba Lálúpọn àti Olódó lọ sí Ìbàdàn jẹ́ èyí tí ọkọ̀ tí ń lọ àti èyí tí ń bọ̀ jọ ń pín ní ibi púpọ̀. Lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, òfin tí awakọ̀ ń fi sọ́kàn kò pọ̀: kí ó tọ ọ̀tún rẹ̀, kí ó má sì bọ́ sí ìhà ẹni tí ń bọ̀ àfi tí iwájú bá mọ́. Bí ọkọ̀ kan bá ń fàlẹ̀ níwájú rẹ̀, yóò fun fèrè, yóò yọjú wo ọ̀ọ́kán, yóò sì sáré kọjá kí ẹni tí ń bọ̀ tó dé.

Ọ̀nà yìí gan-an ni ó fún Ìwó Róòdù ní Ìbàdàn ní orúkọ. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé òpópónà márosẹ̀ tí ń lọ sí Èkó, níbẹ̀ sì ni awakọ̀ tí ó ti Ìwó bọ̀ ti máa ń bá ara rẹ̀ láàárín ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí gbogbo wọn kọjú sí ibì kan náà. Ọkọ̀ tí ń bọ̀ níwájú, èyí tí ó ti ń ṣọ́ láti àárọ̀, ti wà ní òdìkejì pèpéle àárín ọ̀nà. Ewu ti kúrò níwájú, ó ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn. Fèrè nìkan kò tó mọ́. Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ àti tráfíkétọ̀, iná tí ń ṣẹ́jú láti fi ibi tí ọkọ̀ fẹ́ yà sí hàn, ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní ìyàtọ̀ yìí, nítorí ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, lójú ọ̀nà tí kò ní léènì kejì.

Bí òsì ṣe di ọ̀nà ẹni tí ń yára

Kí ó tó di ọdún 1972, apá òsì ni ọkọ̀ ń tọ̀ ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì ti fi í lélẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, lábẹ́ ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon, gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún. Dahomey tí ó di Benin lẹ́yìn náà, Niger, Chad àti Cameroon, àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá Nàìjíríà pààlà, ti ń tọ ọ̀tún tẹ́lẹ̀. Sweden ti ṣe irú àyípadà bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1967, Gánà sì ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1974.

Nígbà tí wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ó gùn tó kìlómítà 127.6, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1978, ọdún mẹ́fà péré ni àwọn awakọ̀ Nàìjíríà tíì lò pẹ̀lú títọ ọ̀tún. Léènì tí àwọn àgbà nínú wọn ìbá pè ní ti ẹni tí kò yára nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ti di ti ẹni tí ń sáré.

Ìdí tí a fi pín ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni pé eré ọkọ̀ kò dọ́gba. Ìwé òfin ìrìnnà Nàìjíríà gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láyè láti sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan lójú òpópónà márosẹ̀, takisí àti bọ́ọ̀sì 90, tírélà àti ọkọ̀ agbépo 60. Bí tírélà bá jókòó sí léènì òsì, ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti sá 100 yóò máa rákò tẹ̀lé e, tàbí kí ó gba ọ̀tún kọjá. Ọ̀tún yìí gan-an ni ojú awakọ̀ tírélà kò tó dáadáa, nítorí apá òsì ọkọ̀ ni ó jókòó sí, lókè réré. Bí ó bá rántí pé ó yẹ kí òun padà sí ọ̀tún lásìkò tí ọkọ̀ kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní í mọ̀ títí irin yóò fi kan irin.

Ohun tí ń lé ọkọ̀ kúrò ní léènì tirẹ̀

Àwọn tí inú ń bí sábà máa ń sọ pé agídí tàbí àìmọ̀kan ni. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Léènì ọ̀tún ni àwọn ọkọ̀ tí ó wúwo jù lọ ń gbà bí wọ́n bá pa òfin mọ́, nítorí náà òun ni ó máa ń kọ́kọ́ fọ́, tí ó sì ń di kòtò. Awakọ̀ tí ó ru ẹrù tọ́ọ̀nù ọgbọ̀n kò ní fẹ́ kó táyà rẹ̀ sínú kòtò bẹ́ẹ̀. Ó sá lọ sí òsì, ibẹ̀ sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Léènì ọ̀tún yìí kan náà ni bọ́ọ̀sì ti ń dúró láti já èrò àti láti gbé èrò, bí ó ti máa ń rí ní Ìwó Róòdù, ibẹ̀ sì ni àwọn ọlọ́kadà kan ń gbà bọ̀ ní wọ́n-wéè. Ní Ògèrè, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tírélà tí ó dúró létí ọ̀nà kì í ṣe ohun tuntun. Ẹni tí ó bá tọ ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí yóò máa tẹ bíréèkì ní gbogbo ìgbà, nígbà tí ẹni tí ó rú òfin ń lọ geere.

Ọ̀dà funfun tí ó pààlà léènì tún jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Ìlà tí ó gé sí wẹ́wẹ́ túmọ̀ sí pé awakọ̀ lè kọjá bí àyè bá wà. Èyí tí kò gé kò gba ìkọjá. Bí ọ̀dà náà bá parẹ́, tàbí bí wọ́n bá da ọ̀dà dúdú tuntun sójú ọ̀nà láìtún ìlà fà, ojú kálukú ni yóò fi wọ̀n ọ́n, ọ̀nà olóléènì méjì a sì di ti ọkọ̀ mẹ́ta.

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ

Ibi tí ìbínú ti ń gbóná jù ni ìgbà tí ọkọ̀ bá tò lọ rẹrẹ. Àwọn kan yóò bọ́ sí etí ọ̀nà, wọn yóò sáré kọjá gbogbo ẹni tí ó tò, wọn yóò sì ti imú ọkọ̀ wọlé níwájú. Ẹni tí ó ti ń tò láti ìdajì wákàtí kò ní í gbà, yóò sún mọ́ ìdí ọkọ̀ tí ó wà níwájú kí àyè má baà sí. Báyìí ni ìlà méjì tí ń rìn díẹ̀díẹ̀ ṣe ń di ìlà mẹ́rin tí kò rìn rárá. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ kò mọ sí ìwà ìrẹ́jẹ. Etí ọ̀nà yẹn ni ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ yẹ kí ó sá sí, òun náà ni ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn ìbá gbà. Ní Jámánì, òfin ní kí àwọn ọkọ̀ tí ó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú òpópónà márosẹ̀ ya sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí àlàfo lè wà láàárín fún àwọn olùgbàlà, kódà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ bóyá ìjàmbá ṣẹlẹ̀ níwájú.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Japan fi hàn nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2008 pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò nílò ìjàmbá tàbí kòtò láti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí ọkọ̀ 22 máa yí po lójú ọ̀nà roboto tí ó jẹ́ mítà 230, kí gbogbo wọn máa sá eré kan náà. Láìpẹ́, ẹnì kan fà sẹ́yìn díẹ̀, ẹni tó tẹ̀lé e tẹ bíréèkì jù ú lọ, títí ọkọ̀ kan fi dúró pátápátá. Ẹni tí ó já wọ iwájú ọkọ̀ mìíràn lójijì ń fa irú ìdúró bẹ́ẹ̀, àwọn tí yóò san gbèsè rẹ̀ sì lè wà ní kìlómítà kan lẹ́yìn, níbi tí òun kò ti lè rí wọn.

Òfin àti ìmúṣẹ rẹ̀

Ní ọdún 1977 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, èyí tí Ìwó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, pẹ̀lú akitiyan Wọlé Ṣóyínká. Ó wà títí di ọdún 1983. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1988, Ṣóyínká náà ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí àjọ náà ń lò, owó ìtanràn rírú òfin ìlà ojú ọ̀nà jẹ́ 5,000 náírà, ti yíya ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́nà àìtọ́ sì jẹ́ 3,000. Ní Èkó, LASTMA, tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀ ní ọdún 2000, ni ó ń mójú tó ìrìnnà inú ìlú.

Ìṣòro ni pé ẹ̀ṣẹ̀ yìí kì í dúró kí a rí i. Òṣìṣẹ́ tí ó wà létí ọ̀nà lè dá ọkọ̀ dúró, kí ó yẹ ìwé-àṣẹ ìwakọ̀, bẹ́líìtì àti táyà wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sí léènì òsì fún ogún kìlómítà yóò kọjá níwájú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta bí ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà pẹ́ kí ó tó rí ọgbọ́n dá sí i: láti oṣù Kẹjọ ọdún 2013 ni ọlọ́pàá ibẹ̀ ti lè bu ìtanràn 100 pọ́ùn àti àmì ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta lé awakọ̀ tí ó bá jókòó sí léènì àárín láìnídìí, láìgbé e lọ sílé ẹjọ́. Níbẹ̀, apá òsì ni ọkọ̀ ń tọ̀, nítorí náà gbogbo ohun tí a ti sọ nípa ọ̀tún àti òsì yí padà fún ọmọ Ìwó tí ó ń wakọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọ̀nà BRT tí wọ́n ṣí ní Èkó ní oṣù Kẹta ọdún 2008, láti Mile 12 dé CMS, gba ọ̀nà mìíràn. Ní apá tí ó pọ̀ jù nínú kìlómítà 22 rẹ̀, kọnkéré ni wọ́n fi yà á sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì. Níbi tí ó jẹ́ ọ̀dà nìkan ni wọ́n fi pààlà, àwọn ọkọ̀ mìíràn ń wọ inú rẹ̀.