Àṣírí Owó Orí Kọ̀ǹpútà
Ẹ̀yin òǹwòran wa, irọ́ ni pé owó Ethereum a máa bo olówó láṣìírí. Gbangba ni ìwé ìṣirò rẹ̀ wà. Nọ́ńbà ni a fi dípò orúkọ; bí ilé ìpààrọ̀ owó bá sì ti gba ìwé ìdánimọ̀ ẹni, wọ́n lè tọ ipasẹ̀ ìnáwó rẹ̀ gbogbo. (Ta ní í tú àpò rẹ̀ han ọjà?) Ìdí nìyí tí àwọn kan fi gbé Tornado Cash kalẹ̀ ní 2019, láti da owó ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀ kí ipasẹ̀ má baà hàn. Àwọn olè náà wọ ibẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Nẹ́dálándì rán ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe é lẹ́wọ̀n ọdún 5 àti oṣù 4, fún bíbo owó olè mọ́lẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà ni ó kọ. A kò ní ó jalè. Lójú tèmi, ìjìyà náà pọ̀ jù. Ó ti pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.