Ẹkún Ìrọ̀lẹ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Rẹ Ọmọ Tuntun Lẹ́kún Nílé

Ọmọ ti mu ọmú yó, ìdí rẹ̀ gbẹ, ara rẹ̀ kò gbóná, síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹkún dé. Á fa ẹsẹ̀ sókè, ojú rẹ̀ á pọ́n, gbogbo ilé á dàrú. Colic ni àwọn dókítà ń pè é. Ẹkún ìrọ̀lẹ́ ni màá máa pè é níbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn ìbí, á le jù ní bí ọ̀sẹ̀ 6, á sì máa rọlẹ̀ ní oṣù 3 sí 4.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ọmọ wò. Ẹ tún fún un lọ́mú. Ẹ gbé e lé èjìká, kí ẹ máa rọra fọwọ́ gbá a lẹ́yìn títí á fi gùnfẹ̀, torí ọmọ a máa gbé afẹ́fẹ́ mì pẹ̀lú ọmú. Ẹ wo aṣọ ọrùn rẹ̀ náà. Ooru ìlú Ore wa níbí, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kì í ṣe kékeré, bẹ́ẹ̀ la ṣì ń rí ọmọ tó wà nínú súwẹ́tà, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Bí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bá ń làágùn, ẹ bọ́ díẹ̀ kúrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ pọ̀n ọ́n. Ohun tí àwọn ìyá tó ń lọ sóko kòkó ní Odigbo ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Ní 1986, dókítà méjì ní Montreal ní Kánádà, Urs Hunziker àti Ronald Barr, ní kí àwọn òbí kan fi kún wákàtí tí wọ́n ń gbé ọmọ, kódà nígbà tí kò sunkún. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ 6, ẹkún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn fi ìdá 43 nínú 100 kéré sí ti àwọn yòókù. Kò ní mú ẹkún ìrọ̀lẹ́ kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ má dúró di ìgbà tó bá ké kí ẹ tó gbé e. Bí ọrùn rẹ̀ kò bá tíì le, àyà ni kí ẹ gbé e sí, kí imú rẹ̀ má sì há sínú aṣọ.

Gbígbé nìkan kò tó bó bá ti ń ké. Ẹ máa rìn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2022 láti ilé ìwádìí RIKEN ní Japan fi hàn pé bí ìyá bá gbé ọmọ tó ń ké rìn fún ìṣẹ́jú 5 láìdúró, ẹkún á rọlẹ̀, oorun á sì gbé àwọn ọmọ kan lọ. Ìgbà tí a bá fẹ́ tẹ́ ẹ ni wàhálà. Ẹ wo èrò tó ti ń sùn nínú mọ́tò láti Ṣàgámù: bí dẹ́rẹ́bà bá yà sí Ore tó pa ẹ́ńjìnnì, ojú rẹ̀ á là. Ọmọ náà ń mọ̀ bí ara yín bá kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà, bó bá sùn, ẹ jókòó, kí ó ṣì wà láyà yín fún ìṣẹ́jú 5 sí 8, kí ẹ tó fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀.

Òògùn ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Ní ìparí 2008, kẹ́míkà olóró kan, diethylene glycol, wọ inú òògùn eyín tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí àwọn ìyá ń fún ọmọ kí ara lè tù ú. Ó ba kíndìnrín àwọn ọmọ náà jẹ́. Ọmọ 84 ló kú kárí Nàìjíríà. Ẹ má ra òògùn ẹkún láìjẹ́ pé nọ́ọ̀sì tàbí dókítà sọ ọ́. Kí ọmọ tó pé oṣù 6, ọmú nìkan ti tó. Kò nílò omi, kò nílò àgbo.

Bí ẹkún náà bá ti fẹ́ mú yín bínú, ẹ tẹ́ ọmọ síbi tí kò ti lè jábọ́, ẹ jáde díẹ̀, ẹ ké sí aládùúgbò. Ẹ má mì í jìgìjìgì láé. Ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ara ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 bá gbóná, bó bá kọ ọmú, bó bá ń bi èébì aláwọ̀ ewé, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, bó bá ń mí gúlegúle tàbí ara rẹ̀ rọ jọwọlọ, ilé ìwòsàn ló kàn, kódà lóru. Ẹ sọ gbogbo ohun tó ti wọ ẹnu rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, títí kan àgbo, kí wọ́n lè mọ òògùn tí kò ní bá a jà.