Ta ni Mọremí bá jà? Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn orúkọ náà

Àríyànjiyàn lórí àwọn tó ń wá kó Ifẹ̀ láyé àtijọ́, tí Mọremí tú àṣírí wọn, tún ti wọ orí ìròyìn, àwọn tó ń fèsì sì ti pín sí méjì bí ìṣe wọn. Apá kan ní àwọn ará Ìlàjẹ ni. Ṣebí Olúgbò ti Ùgbò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, Ọba Fredrick Akinruntan, ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn baba ńlá òun ló kọ́kọ́ ni Ilé-Ifẹ̀. Apá kejì ní rárá o, "Igbo" ni ìwé kọ, àwọn ará Enugu àti Owerri ló sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìtàn náà kò ṣàjèjì sí yín, n ò ní tún un sọ. Orúkọ yẹn gan-an ló jẹ mí lógún.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Igbó, ohùn àárín kí ohùn òkè tó tẹ̀ lé e, ni ibi tí igi dí sí. Òun náà ni ojúbọ, bíi Igbó Olókun ní Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ láyé àtijọ́. Òun náà sì ni ewé tí NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ń dáná sun nínú oko kiri ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìgbò, ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì, ni ẹ̀yà tó wà lódìkejì odò Ọya. Ẹnu kì í ṣi méjèèjì pè, ìwé ló ń dà wọ́n pọ̀. Samuel Johnson kọ ìtàn Mọremí sínú ìwé tó parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ó pe àwọn agbésùnmọ̀mí ọjọ́ un ní Igbo, láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni olúkúlùkù ti ń fi ohùn tó wù ú kà á.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ̀rọ̀ orúkọ kì í fi u bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ti gbọ́ Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà tó ń pe ilé ní "ulé" mọ̀ pé òfin yẹn kò kárí. Oǹdó, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ náà di u yẹn mú. Nítorí náà, bí ará Ọ̀yọ́ bá gbọ́ "Ùgbò", tí ẹnu rẹ̀ sì sọ ọ́ di "Ìgbò", kò ṣàṣìṣe. Bí ó ṣe ń sọ "ulé" di "ilé" náà nìyẹn. Ẹnu Ọ̀yọ́ sì ni ẹnu Johnson.

Àwọn kan máa ń fi oyè ọba ibẹ̀ ti èyí lẹ́yìn. Bí "oní" bá pàdé i, n rẹ̀ kì í yẹ̀: onílé, onígbá. Bí ó bá pàdé fáwẹ̀lì mìíràn, n á di l: olówó, aláṣọ, elépo. Wọ́n ní bí ìlú náà bá ń jẹ́ Ìgbò látilẹ̀, Onígbò ni à bá máa pe ọba wọn, kì í ṣe Olúgbò. Àlàyé náà wuyì, ṣùgbọ́n Olúbàdàn ńkọ́? Olú Ìbàdàn ni, i sì ti wọlé lọ. Olú Ìgbò náà á di Olúgbò bákan náà. Ohun tó lágbára ju oyè lọ ni pé àwọn ará Òde Ùgbò fúnra wọn kì í pe ìlú wọn ní nǹkan mìíràn.

Ẹ wá sọdá odò Ọya. Nínú èdè Ìgbò, ụgbọ, tó ní àmì lábẹ́ fáwẹ̀lì méjèèjì, ni ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ti nà án dé orí mọ́tò, ụgbọ ala, àti dé òfurufú, ụgbọ elu, gẹ́lẹ́ bí àwa náà ṣe na "ọkọ̀". Bí kò bá sì sí àmì lábẹ́ rẹ̀, ugbo, oko ni. Ẹ̀dó náà ń pe oko ní ugbo. Ẹni tó bá rántí pé inú ọkọ̀ ni ará Ìlàjẹ ti ń ra ọjà, tó ti ń relé ìwé, lè pariwo pé ẹ̀rí dé. Ẹ fara balẹ̀. Fáwẹ̀lì àìránmúpè wa kò ju 7 lọ, kọ́ńsónáǹtì wa kò ju 18 lọ, fáwẹ̀lì Ìgbò jẹ́ 8, àwọn ọ̀rọ̀ orúkọ wa méjèèjì sì kúrú. Wọn kò lè ṣàì kọlu ara wọn. Àwọn onímọ̀ gbà pé èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ara tan láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó fi í hàn ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó ń bára mu létòlétò, bí ẹ̀ta wa, atọ Ìgbò àti eha Ẹ̀dó. Orúkọ kan ṣoṣo kò tó.

Lójú tèmi, Ùgbò súnmọ́ òótọ́ ju Ìgbò ìhà ìlà-oòrùn lọ. Ogun tí yóò máa ti ìkọjá odò Ọya wá kó Ifẹ̀, tí yóò la ilẹ̀ Ẹ̀dó kọjá ní àlọ àti àbọ̀, léraléra, ṣòro gbà gbọ́. Ìtàn àwọn ará Ùgbò ní tiwọn sọ pé ẹ̀yìn ìjà náà ni àwọn tó ṣí lọ sétí òkun, ìyẹn ni pé nítòsí Ifẹ̀ ni wọ́n wà nígbà náà. Ṣùgbọ́n n ò ní búra. Àwọn kan ní koríko àti ìko tí àwọn agbésùnmọ̀mí náà fi bora fi hàn pé ará irà ni wọ́n. Ìko kún irà Ìlàjẹ lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì kún etí odò Ifẹ̀.

Ohun tó kù ni kí àwọn awalẹ̀pìtàn walẹ̀ ní etí òkun yẹn, iṣẹ́ náà kò sì ní rọrùn. Orí òpó igi ni ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ wà, igi sì ń jẹrà. Ayétòrò tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní 1947 pàápàá, òkun ti gba apá púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí àwọn tó kúrò ní Ifẹ̀ bá gúnlẹ̀ sí etíkun yẹn nígbà náà lọ́hùn-ún, ó ṣeé ṣe kí ibi tí wọ́n gúnlẹ̀ sí ti wà lábẹ́ omi.