Fọ́tò Tí Wọ́n Fi Ń Wọn Ìtànṣán fún Aláìsàn Jẹjẹrẹ

Bí ẹ bá mú aláìsàn jẹjẹrẹ kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ gba ìtọ́jú onítànṣán ní UCH, Ìbàdàn, tàbí ní NSIA-LUTH tó ṣí ní Ìdí-Àràbà, Èkó, lọ́dún 2019, wọ́n lè ní kí ẹ tún lọ ya fọ́tò. Ẹ lè máa rò ó pé, “Ṣebí a ti yà á nílé?”

Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n fi mọ àìsàn. Èyí ni wọ́n fẹ́ fi wọn oògùn. Ìtànṣán ni oògùn ọ̀hún, kò sì ṣeé fi ṣíbí wọ̀n.

Aláìsàn á dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀rọ CT gẹ́lẹ́ bí yóò ṣe máa dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ ìtọ́jú. Ẹ̀rọ náà á ya inú ara rẹ̀ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, bí ẹni gé búrẹ́dì. Ojú kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán náà ní nọ́ńbà tó ń sọ bí ibẹ̀ ṣe ki tó: omi jẹ́ òdo, afẹ́fẹ́ fi 1,000 rẹlẹ̀ sí i, egungun ga jù ú lọ. Bí ìtànṣán bá ń gba inú ara kọjá, agbára rẹ̀ a máa dín kù. Egungun a sì máa gbà lára rẹ̀ ju ẹ̀dọ̀fóró tó kún fún afẹ́fẹ́ lọ. Láìsí nọ́ńbà wọ̀nyí, ìṣirò ò lè gún régé. Ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tí Godfrey Hounsfield ṣe ya aláìsàn ní London.

Dókítà á wá fa ìlà yí kókó náà ká lórí àwòrán, á fà á yí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró náà ká. Onímọ̀ físíìsì á fi kọ̀ǹpútà ṣírò ibi tí ìtànṣán yóò ti wọlé, kí kókó gba ẹ̀kún ìwọ̀n, kí àwọn tó múlé tì í gba díẹ̀. Gray ni orúkọ ìwọ̀n náà. Fún jẹjẹrẹ ọyàn, ó lè jẹ́ Gray 40, tí wọ́n pín sí ìgbà 15.

Ibi tó kan àwa Mùsùlùmí nìyí. Wọ́n á sàmì sí aláìsàn lára; àmì yìí ni wọ́n fi ń tò ó bó ṣe wà nínú àwòrán. Bó bá parẹ́, ìtànṣán lè yẹ̀ kúrò lójú kókó. Àlùwàlá ò kan àyà. Bí ìwẹ̀ ọ̀ranyàn bá dé, ẹ jẹ́ kí omi ṣàn kọjá lórí rẹ̀, ẹ má fi kànìnkànìn bó o. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ní omi ò gbọdọ̀ kàn án rárá, ẹ bi ààfáà yín nípa tayamọ́mù. Bó bá ṣá, ẹ má fi bírò tún un fà nílé o!

Ààwẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá rù lẹ́yìn tí wọ́n yàwòrán, ara rẹ̀ ò bá ìṣirò mu mọ́. Wọ́n lè ní láti tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, owó sì ni. Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn nínú Súratul Bakọrah láti san án padà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ jẹ́ kí Ìyá jẹun. Bí aṣọ bá sì ti ń ṣò lára wọn, ẹ sọ fún dókítà kí wọ́n tó gun orí ẹ̀rọ.